Ṣáláńgá Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá fi oṣù mẹ́sàn-án ka ṣáláńgá oníṣáláńgá, ọ̀jọ̀gbọ́n ló fẹ́ dà. Dókítà Jethro Akínmúrelé kò sì sẹ́. Òun nìyí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ní abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́lọ́rundúró, tó ń na ọwọ́ káàkiri bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mà! Ìjọba ní ilé tó bá gbẹ́ ṣáláńgá yóò gba àpò ajílẹ̀ méjì. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n gbẹ́! Ní abúlé kejì, lọ́nà Ilu-Abo, ìwàásù ìmọ́tótó nìkan la fún wọn. Mẹ́ta péré ni wọ́n gbẹ́. Ẹ̀rí rèé, mà, kì í ṣe àhesọ."

Ìyáàfin Kíkẹ́lọmọ, akọ̀wé àgbà tó ti ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká wá wò ó, mi orí sókè-sódò. Bó bá buwọ́ lùwé lónìí, ètò náà yóò dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún, orúkọ Dókítà yóò sì bá a dé ibẹ̀. Dókítà ti rán kóòtù tuntun sílẹ̀ de fọ́tò.

"Ó dára gan-an," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni mo lè lò nínú wọn?"

Inú Dókítà dùn bíi ti bàbá ìkókó. "Ẹ mú èyí tó bá wù yín, mà!"

Ti Ìyá Fìyìn, àgbẹ̀ kòkó, ló sún mọ́ wọn jù. Àgádágodo ńlá wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Fìyìn kúnlẹ̀ kí àlejò, ó sì ṣí i. Wọ́n ti fi pákó bo ihò. Àpò kòkó mẹ́rin ló wà lórí pákó náà.

"Màmá, kí lèyí?"

"Kòkó ni, sà. Òjò ò lè dé ibẹ̀, olè ò lè dé ibẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba."

"Ti ilé kejì ńkọ́?"

"Iṣu ló wà níbẹ̀. Ti Àbdùlláhì, adìyẹ ń sàba níbẹ̀. Ẹ má ṣí i o, á kọ ẹyin sílẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjìlélógójì ni mo bi yín!"

"Ẹ bi wá, sà. Ẹ ní ṣé a ní ṣáláńgá, a ní a ní. Ẹ ní ṣé ó mọ́, a ní ó mọ́." Ó wo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà tìfẹ́tìfẹ́. "Ẹ ò bi wá bóyá a ń lò ó."

Akọ̀wé àgbà ò lè dúró mọ́. "Màmá, níbo lẹ̀yin ń lọ?"

Ìyá Fìyìn nawọ́ sí igbó ẹ̀yìn ilé. Àwọn méjèèjì jọ lọ.

Nígbà tí akọ̀wé àgbà padà, ó fọwọ́, ó ti bírò bọ báàgì, ó sì kọrí sí ọkọ̀. Dókítà sáré tẹ̀ lé e.

"Mà, bóyá àwọn díẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù—"

"Dókítà, ọ̀nà inú igbó yẹn ti dán. Koríko kan ò hù níbẹ̀."