Òǹkàwé Ọdún Tí Kò Mọ̀wé

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni mo fọwọ́ ara mi dá ọ̀ràn náà, kò sẹ́ni tó tì mí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe alábòójútó ilé ìkàwé kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́. Ẹ-dákẹ́ ni àwọn òǹkàwé sọ mí, nítorí pé ohun tí mo ń sọ fún wọn láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn, inú sì máa ń bí mi kí wọ́n tó dákẹ́. Ìgbìmọ̀ Ilé Ìkàwé ti ìpínlẹ̀ ni ọ̀gá wa. Àwọn ló ń fún wa ní ìwé, tábìlì, owó oṣù àti òfin, òfin ló sì máa ń tètè dé jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀kan nínú òfin wọn ló bí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bá yá fún ọdún márùn-ún, kí a yọ ọ́ kúrò lórí pẹpẹ, kí wọ́n kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ bébà di páálí. Mo wo àwọn tó kàn: ìwé lórí títún aago ògiri ṣe, ìwé lórí gbígbẹ́ kànga, ìwé lórí eyín ẹṣin. Àánú wọn ṣe mí. Ẹni tí kò tíì rí ọkọ fẹ́, ṣé lílọ̀ ló yẹ ká lọ̀ ọ́?

Òfin tún ní òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ yá ìwé lórúkọ ara rẹ̀. Mo bá ṣe káàdì fún ìyá mi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé bíi mélòó kan, tí mò ń kó wọn lọ sílé lórúkọ rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá mi, kò fẹsẹ̀ tẹ iléèwé rí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí nǹkan wà nínú ilé òun kí òun má mọ ohun tó jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kó wọn dé, ó bi mí pé, "Kí ni èyí ń sọ?" Mo kà á fún un bó ti ń rán apá ẹ̀wù kan lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, èmi ń kà, òun ń ránṣọ, fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Lọ́jọ́ kan ni lẹ́tà Ìgbìmọ̀ dé. Mo ṣí i, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní nínú gbogbo ìpínlẹ̀, kò sí ẹni tó yá ìwé tó ìyá mi: igba ó lé méjìlá. Wọ́n ti fi í ṣe Òǹkàwé Ọdún. Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá fún un ní ìwé ẹ̀yẹ nílé, ayàwòrán yóò sì tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹni tí kò mọ 'a' yàtọ̀ sí 'b' ni mo kọ sínú ìwé wọn, irọ́ ni wọ́n máa pè é, iṣẹ́ mi sì lọ nìyẹn. Mo sáré lọ bá ìyá mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá dé, ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ka nǹkan, ẹ ní ojú ń dùn yín."

Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Ojú wo? Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́?"

"Iṣẹ́ mi ni, Màmá."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún àlejò nínú ilé mi. Lọ yá àga méjì wá lọ́dọ̀ ará ilé kejì."

Ọjọ́ pé. Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ jẹ́ bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ṣe ọ̀gá iléèwé rí, awò rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Ó kí ìyá mi dáadáa, ó yìn ín, ó sì na ìwé ẹ̀yẹ sí i. Ìyá mi ò gbà á.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀wé kà o. Ọmọ yìí ló ń kà á, èmi ń gbọ́."

Ayàwòrán rọra sọ kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn.

Akọ̀wé yíjú sí mi. "Arábìnrin, ṣé ẹ mọ ohun tí à ń pe irú èyí ní ọ́fíìsì?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ẹ má tíì lé e," ni ìyá mi wí. "Mo ní mò ń gbọ́. Ẹ bi mí."

Akọ̀wé yọ bébà tí wọ́n to orúkọ ìwé igba ó lé méjìlá náà sí. Ó ní báwo lèèyàn ṣe ń mọ ọjọ́ orí ẹṣin.

"Eyín ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bó ṣe ń dàgbà ló ń gùn. Ẹni tó bá fẹ́ tà á, á wá fi irin ha á kó lè jọ ọmọdé. Kéèyàn má ra ẹṣin lọ́wọ́ ẹni tí irin wà lápò ẹ̀."

Ó bi í nípa kókó okùn àwọn awakọ̀ ojú omi. Ìyá mi mú téèpù tó fi ń wọn aṣọ, ó ta kókó kan mọ́ akọ̀wé lọ́wọ́, ayàwòrán ló bá bàbá náà tú u. Ẹ̀rù mi ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé mú ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán lórí tábìlì, ìwé lórí sísin oyin, ó wo ibi tí wọ́n to àwọn orí ìwé náà sí.

"Bí ìyá oyin bá kú, kí ni àwọn oyin yòókù ń ṣe?"

Ìyá mi ronú. "Ìyá oyin ò kú nínú ìwé yẹn."

"Ó kú, Màmá. Orí keje," ni akọ̀wé wí.

"Mo ní kò kú. Bí wọ́n ṣe fa oyin tán, ọ̀rọ̀ òjò ló kàn. Ta ló kú?"

Akọ̀wé wá orí keje lọ. Kò rí i ṣí. Ojú ewé mẹ́jọ ṣì so mọ́ra létí, torí pé ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé kò gé wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìwé náà. Ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó wò ó, ó tún wò mí.

"Kò sẹ́ni tó ka ibí yìí rí láyé," ló wí.

Ìyá mi rọra yíjú sí mi. "Ìwọ. O fo orí keje fún mi?"

"Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn ni, Màmá."

"Ó rẹ̀ ọ́. Ìyá oyin kú, o ò sọ fún mi."

Ẹ̀rín pa akọ̀wé débi pé ó ní láti jókòó. Nígbà tó rí ohùn sọ, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti ń yẹ ìwé àwọn ilé ìkàwé wò, òun sì mọ ayédèrú òǹkàwé: òmíràn kì í mọ nǹkan kan, òmíràn á ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Òun ò tíì rí èyí tó mọ gbogbo ìwé àfi ojú ewé mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. "Màmá gbọ́ ọ lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ ò kà á tán."

Ìyá mi ti mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé etí àwọn ojú ewé náà bí ẹní ń gé aṣọ oníbàárà, ó sì na ìwé náà sí akọ̀wé, kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ bá mi kà á, ọ̀gá. Ẹ ò jọ ẹni tó máa ń fo nǹkan."

Ó kà á. Ìyá oyin kú, àwọn oyin sì mú ìdin kan, wọ́n bọ́ ọ ní àbọ́yó títí tó fi di ìyá mìíràn. Ìyá mi mi orí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Akọ̀wé pa ìwé dé, ó bi í wẹ́rẹ́ pé, "Màmá, ṣé ẹ ò fẹ́ máa kà á fúnra yín ni?"

"Mo fẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ wá kàwé, tí mò ń lẹ bébà mọ́ ògiri kiri. Ìyá tó bí mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ọdún mẹ́ta, mi ò bi í. Ojú tì mí ju bí ì bá ṣe tì mí ká ní wọ́n lé mi.

Wọn ò lé mi. Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí mi, ó gùn, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n mú ìwé ẹ̀yẹ padà, wọ́n sì fagi lé káàdì ìyá mi. Àmọ́ wọ́n wá yọ̀ǹda kí òṣìṣẹ́ máa yá ìwé lórúkọ ara rẹ̀, bó bá ti lè kà á tán.

Oṣù méje ni mo fi kọ́ ìyá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó le ni. Tí mo bá jágbe, á rán mi létí ẹni tó bí ẹnì kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbójú sókè ní ilé ìkàwé, mo rí i lórí ìlà, ẹni mẹ́ta ṣì wà níwájú rẹ̀. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Nígbà tó kàn án, ó ní òun wá gba káàdì. Mo mú bíírò kí n bá a kọ fọ́ọ̀mù. Ó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà kìíní gba àkókò, ìkejì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ wo aago, ó pòṣé. "Ẹ ṣáà bá màmá kọ ọ́ jàre, à ń kánjú."

Omi ti kún ojú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró, sà," ni mo wí. "Wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́."