Ọmọ Tó Ń Wọn Ẹja Baciccia

Títí tí Màmá Ìbíwùmí fi pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, inú páálí ló rò pé wọ́n ń bí ẹja Titus sí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni o, ọmọ apẹja pọ́ńbélé, ẹni tó lè fọwọ́ kan òbòkún nínú òkùnkùn kó sì sọ fún ọ pé kì í ṣe àrọ̀. Ṣùgbọ́n Titus? Láti kékeré rẹ̀, inú páálí ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ó gan bí igi, yìnyín bò ó lójú. Ta ni ì bá sọ fún un pé Titus náà ní ìyá, pé ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú òkun bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Mọ́yọ̀ọ̀lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló là á yé e ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, nínú ilé ìdáná ọmọ náà ní Sampierdarena, àdúgbò kan ní Genoa, nílẹ̀ Ítálì. Màmá rẹ́rìn-ín títí tí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já sínú ọbẹ̀.

“Háà! Gbogbo ọgbọ́n orí mi, inú páálí ló wà!”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ ṣá. Ẹja yìí gan-an ló ń dà á láàmú. Ó ti kàwé nípa àwọn nǹkan abẹ̀mí inú òkun ní Padua, ó gboyè, ó sì rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń ṣọ́ àkókò ìpẹja. Wọ́n rán an sí etíkun kékeré kan lẹ́yìn Genoa, níbi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ bí ọmọ tó fi orí sí ìyá rẹ̀ láyà. Bí àwọn apẹja bá ti gúnlẹ̀ láàárọ̀, yóò ṣa Titus díẹ̀ nínú ẹja ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé ìrù, yóò wo inú rẹ̀ bóyá ó ti ní ẹyin, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni ìjọba yóò fi mọ̀ bóyá kí ìpẹja máa bá a lọ lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n fún ẹja ní ìsinmi.

Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta gbà. Ẹ̀kẹrin kọ̀ jálẹ̀, òun ló sì ń kó ju ìdajì gbogbo ẹja ibẹ̀ lọ. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Signor Baciccia ló ni ín. Oṣù méjì gbáko ni Mọ́yọ̀ọ̀lá fi ń lọ bá a, oṣù méjì gbáko ló fi ń dá a padà lọ́wọ́ òfo. Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni àkókò ìpẹja yóò parí. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti kọ̀wé sí i: bí kò bá sí ẹja Baciccia nínú ìwé náà, ìwé kò pé; bí ìwé kò bá pé, contratto rẹ̀, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, kò ní kọjá òpin oṣù.

Ohùn ọmọ yìí lórí fóònù ni Màmá gbọ́ tó fi palẹ̀ ẹrù mọ́ ní San Salvario, ní Turin, lọ́dọ̀ Láńrewájú ọmọ rẹ̀, tí í ṣe bàbá Mọ́yọ̀ọ̀lá.

“Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Genoa?” ni Láńrewájú bi í. “Ẹ ò gbọ́ Italiano.”

“Ẹkún ni mo fẹ́ lọ gbọ́. Ẹkún ò ní Italiano.”

Ó sì gbọ́ ọ lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tó kọ́kọ́ dé, Mọ́yọ̀ọ̀lá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohùn òun. Àbí ta ló ń tan ìyá àgbà? Ẹni tó bá tọ́ ọmọ mẹ́fà mọ ohùn omi, ó mọ ohùn ẹkún tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

“Mo ń bá ọ lọ láàárọ̀ ọ̀la,” ni Màmá wí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, bí wọ́n ti ń kó àwo.

“Nonna, no. Òtútù pọ̀ níbẹ̀.” Nonna, ìyá àgbà, ni ó máa ń pè é ní Italiano.

“Òtútù? Ọ̀rá tó wà ní ìdí mi yìí, ṣé o rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni Ọlọ́run fi ṣe?”

Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa nígbà tí bọ́ọ̀sì já wọn sílẹ̀ ní etíkun náà. Mọ́yọ̀ọ̀lá gbé pátákó tó fi ń wọn ẹja sábẹ́ apá, ó fi báírò há etí. Màmá wé gèlè lé fìlà òwú, ó wọ kóòtù Láńrewájú, ó rí bí àpò ìrẹsì tó gba ìsinmi. Wọ́n dúró lórí òkúta títí tí ọkọ̀ kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ojú ọ̀run fi yọ.

Baciccia fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú ọkọ̀. Ó gbẹ bí ẹja tó pẹ́ lórí iná, irun ipéǹpéjú rẹ̀ funfun, okùn ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà nínú ọkọ̀, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá òkúta tẹ̀, tí Mọ́yọ̀ọ̀lá fi sáré pàdé rẹ̀.

“Buongiorno, Signor Baciccia! Quanti chili oggi?” Ìyẹn ni pé, kílò mélòó lẹ pa lónìí.

“No,” ni bàbá náà wí. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn.

Màmá fa ọmọ ọmọ rẹ̀ ní apá kóòtù sẹ́yìn.

“Wá níbí, Dókítà Ẹja. Ṣé bó o ṣe ń ṣe é láti oṣù méjì nìyí?”

“Báwo ni, Nonna? Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wà nínú ìwé nìyẹn.”

“Ìbéèrè àkọ́kọ́! Ọkùnrin ń ti orí omi bọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ò tíì bá a délẹ̀, o ní kílò mélòó. Nígbà tí ìyá rẹ bí ọ, ṣé kílò mélòó ni mo kọ́kọ́ bi í ní ọsibítù?”

“Dádì ní ẹ bi í.”

“Irọ́ ni! Ẹ kú ewu ni mo kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní kílò.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹja tí èèyàn sì fi ẹ̀mí wewu pa, ọmọ rẹ̀ náà ni. Bí bàbá òun bá ti odò dé ní Ẹ̀pẹ́, ẹnikẹ́ni kì í yọjú wo inú ọkọ̀. Wọ́n á kí i kú ewu omi, wọ́n á bi í léèrè afẹ́fẹ́, wọ́n á bi í léèrè àwọ̀n. Tó bá yá, òun fúnra rẹ̀ á ní, ẹ wá wò ó.

“Jẹ́ kí n lọ kí i.”

“Nonna, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?”

“Ohun tí bàbá mi máa ń fẹ́ gbọ́.”

Ó súnmọ́ bàbá náà. Ojú kan tó wò ó, ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́rin. Ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí Màmá ti rí ẹni tí òun ìbá kúnlẹ̀ fún; òun ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń kúnlẹ̀ kí. Orúnkún rẹ̀ kò tilẹ̀ bi í léèrè. Gbì, lórí òkúta tútù.

“Ẹ kú ewu omi o, bàbá. Ẹ kú àbọ̀.”

“Madonna!” Baciccia ju okùn sílẹ̀. Ó rò pé àìsàn ló gbé obìnrin náà ṣánlẹ̀. Ó di abíyá rẹ̀ mú, ó ń pariwo, “Signora! Signora!” Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn ti ń tẹ fóònù láti pe àwọn onímọ́tò aláìsàn. Màmá ní tirẹ̀ rò pé ìkíni òun ni wọ́n ń dá padà. Bí wọ́n bá ti fà á, á tún kí wọn.

“Ẹ ṣé, ẹ ṣé o! Ó tó! Mo ti kí yín!”

Nígbà tó wá fẹ́ dìde lóòótọ́, orúnkún tó lọ sílẹ̀ bíi ti ọmọge kò mọ ọ̀nà òkè mọ́. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e. Wọ́n gbé e lé orí àpótí ẹja kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìdí rẹ̀ sì kún àpótí náà, ó tún ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rín ń pa á débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mọ́yọ̀ọ̀lá ló ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ìyá àgbà òun kò ṣubú o. Ó ní bí obìnrin ilẹ̀ àwọn ṣe ń kí ẹni tó jù ú lọ nìyẹn, ohun tó sì sọ ni pé ẹ kú orí ire, ẹ ti orí omi dé láàyè.

Bàbá náà wo Màmá. Ó ṣí fìlà.

“Torí tèmi?”

“Torí tiyín,” ni Mọ́yọ̀ọ̀lá dáhùn.

Baciccia jókòó sórí àpótí kejì. Ó da kọfí sínú ìdérí fúláàsì rẹ̀, ó gbé e fún Màmá. Kọfí náà korò bí ewúro tí a kò fọ̀, Màmá sì mu ún tán láìfajú ro. Ó wá ní kí Mọ́yọ̀ọ̀lá bi í léèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lọ́hùn-ún. Bàbá náà ní ó le, ó fẹ́ láti ẹ̀yìn òkè wá, àwọ̀n kan ya. Màmá ní ta ni í máa ń tún un ṣe fún un. Ó ní òun fúnra òun ni, ṣùgbọ́n ojú òun kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Kò pẹ́ tí Mọ́yọ̀ọ̀lá ò dúró de ìbéèrè Màmá mọ́. Ó ń bi bàbá náà ní tirẹ̀, báírò ṣì wà ní etí rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Baciccia fúnra rẹ̀ ló wá dé ibi tó ń dùn ún.

“Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan wá wọn ẹja mi. Ó kọ̀wé, ó kọ̀wé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé pé kí n kó àwọ̀n mi nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú àkókò. Ẹja tèmi ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́. Ẹnikẹ́ni ò ka ohun tó kọ sí mi létí títí dòní.”

Mọ́yọ̀ọ̀lá túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá, ó sì já ètè rẹ̀ jẹ, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Màmá ń wò ó. Ọ̀rọ̀ dídùn kan lè bọ́ sí ọmọ yìí lẹ́nu báyìí, kó ní kí bàbá fọkàn balẹ̀, kò séwu.

“N ò lè ṣèlérí pé wọn ò ní dín àkókò yín kù,” ni ọmọ náà wí. “Ohun tí mo bá rí ni mà á kọ. Ṣùgbọ́n kí n tó fi ránṣẹ́, mà á kà á sí yín létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀.”

Bàbá náà wo òkun. Ó wo pátákó tó wà lábẹ́ apá ọmọ náà. Ó dìde.

“Wá wò ó.”

Ọgọ́rùn-ún ẹja ni wọ́n kà jọ. Ẹ̀yìn wọn ń dán, ó dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ wà lára wọn bí ẹni kọ ilà ìdílé. Baciccia ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Mọ́yọ̀ọ̀lá ń tẹ́ wọn sórí pátákó, ó ń la ikùn wọn. Nígbà tó di bí ogún, Màmá tí kò kàwé ẹja rí fi ojú mọ̀ pé nǹkan kò dára. Wọ́n kéré. Èyí kéré. Èyí tó tẹ̀ lé e tún kéré.

Ó tẹ̀ sí ọmọ ọmọ rẹ̀ létí.

“Mọ́yọ̀, ṣé o ò lè fa ìrù ẹ̀ díẹ̀ ni?”

“Nonna!”

“Díẹ̀ báyìí. Ara ẹ̀ ṣì rọ̀.”

“Màmá, rárá.” Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò mì.

Ojú ti Màmá, inú rẹ̀ sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ká ọwọ́ sínú kóòtù kó má baà tún bá ọmọ ọlọ́mọ fa ìrù ẹja.

Nígbà tí wọ́n parí, Mọ́yọ̀ọ̀lá nà dúró ó sì kà á ní Italiano àti ní Yorùbá, bó ṣe ṣèlérí. Kò fo ìlà kan. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlélógójì kò tíì yé ẹyin rí láyé. Àwọ̀n ń kó ọmọ kí ọmọ tó di ìyá. Ẹyẹ òkun kan ń han lókè. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn wo ẹsẹ̀ ara wọn. Màmá ń gbàdúrà nínú, kò sì mọ ohun tí ì bá bèèrè: kí bàbá gbà ni, àbí kí ẹja gùn?

Baciccia gbé ẹja kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè sódò bí ẹni ń gbé ọmọ ìkókó wò.

“Ọwọ́ mi ti mọ̀,” ló wí. “Ó ti tó ọdún méjì tí ọwọ́ mi ti ń sọ ọ́ fún mi bí mo bá ń yọ wọ́n nínú àwọ̀n. Ẹnu mi ni kò fẹ́ wí. Fi ránṣẹ́. Kọ orúkọ mi sí i.”

Mọ́yọ̀ọ̀lá kọ ọ́. Bàbá náà ń wo báírò bó ṣe ń lọ.

“Lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ìwọ náà ni wọ́n máa rán wá?”

“Bí wọ́n bá tún contratto mi ṣe.”

“Kọ ìyẹn náà sí i. Kọ ọ́ pé Baciccia ní ẹlòmíràn kò ní wọn ẹja òun. Ẹni tó bá kà á sí òun létí nìkan.”

“Signor Baciccia, kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé wa.”

“Kí ló wí?” ni Màmá bèèrè. Mọ́yọ̀ọ̀lá sọ ọ́ fún un.

“Kò sí àyè? Dojú ìwé dé, kó o kọ ọ́ sí ẹ̀yìn! Ìwé wo ni ò lẹ́yìn?”

Ọmọ náà dojú ìwé dé lórí àpótí. Baciccia bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀ bí olùkọ́. Afẹ́fẹ́ dé láti ẹ̀yìn òkè, ó fẹ́ gbé ìwé náà lọ sínú omi. Màmá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú láti orí àpótí tó jókòó sí, ó sì di etí ìwé náà mú ṣinṣin títí tí ọmọ náà fi kọ ọ́ tán.