Ìkòkò Orí Àpótí Kẹrin

"Màmá, ta ló fi ìkòkò dé àpótí yìí?"

Orí àkàbà ni obìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí wà, ó fi ọwọ́ kan di etí òrùlé ilé ìdáná mú. Ìyá Aránṣọ dúró nísàlẹ̀, ó ń ká teèpù ìwọnṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ mọ́ ìka, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìṣasùn. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ìkòkò ti wà lórí òrùlé. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń retí ẹni tí yóò wá bi í ní ìbéèrè yẹn. Àmọ́ kì í ṣe obìnrin yìí ló ń retí.

"Èmi ni," ni ó fèsì. "Kí òjò má baà pa á ni."

"Òjò wo, Màmá? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn."

"Ṣé ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́ lèèyàn ń wá agboòrùn ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Alákàbà ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé ibi tí ẹ bá ti rí i, àkàbà ń bẹ léjìká rẹ̀. Ó ń bá ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ odò ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń wá pààrọ̀ bátìrì, àsìkò rẹ̀ ló sì tó yìí.

"Kí lẹ gùn dé ibí?"

"Àga ni."

"Àga. Ẹ̀yin tí orúnkún yín ń ké bí ilẹ̀kùn."

"Orúnkún mi ló ń ké, èmi kọ́."

Ọ̀rọ̀ àpótí yìí kò ṣòroó yé èèyàn. Méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti òkè odò títí dé ìlú tí ọ́fíìsì wà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa wo bí omi ṣe ga sí. Kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ lè dá dé ọ́fíìsì nínú wọn. Ohùn kálukú kò kọjá ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá á sọ fún èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn á sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ á fi dé ojú kọ̀m̀pútà. Bí omi bá ti ń ga jù, fèrè á dún nísàlẹ̀, àwọn ará etí odò á kó ọmọ kó ẹrù, wọ́n á gòkè. Àpótí kẹrin ni ti Ìyá Aránṣọ. Orí òkè kékeré ni ilé rẹ̀ wà, láàárín méjèèje, ni wọ́n fi gbé e sórí òrùlé ilé ìdáná rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé e síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì. Nílé, Adákẹ́ ni, nítorí pé bí ẹ bá bi í ní ọ̀rọ̀ láàárọ̀, ẹ lè máa retí èsì tó bá di ìrọ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀ ló jọ. Káfíńtà ni bàbá náà, òun náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó máa ń sọ ṣáá: "Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní í ṣe àbẹ̀wò." Kò sẹ́ni tó ń lọ kí ẹnikẹ́ni lásán nínú ilé yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ máa mú àga tó yẹ̀ dání ni, kí ó lè bá yín kàn án. Bàbá náà ti kú, ó ti di ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá a lọ.

Adákẹ́ máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. "Màmá, ṣé ara le?" "Ara le." "Ẹ ò ṣe àárẹ̀?" "Mi ò ṣe àárẹ̀." "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Fóònù á kú. Ìyá Aránṣọ á sì tún jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á máa wo abẹ́rẹ́ tí kò tíì fi òwú sí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi ìkòkò dé àpótí, òjò ni lóòótọ́. Òjò náà ń lu páànù bí ẹni ń béèrè gbèsè, àyà rẹ̀ sì já pé omi á wọ inú nǹkan tí ọmọ òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó gbé ìkòkò irin ńlá, ó gun àga, ó sì dé e. Ní ọjọ́ kẹta, Adákẹ́ dé láti ìlú, ìrìn àjò ìdajì ọjọ́, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ó gòkè, ó ṣí ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, irin kì í jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Ẹ ti dì í lẹ́nu." Láti ìgbà ìsìnkú bàbá rẹ̀, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ máa dún nínú ilé yẹn. Ó sun ọjọ́ méjì. Ó tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe. Nígbà tó lọ tán, ilé náà wá fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà kejì, òjò kankan ò rọ̀.

Kì í ṣe pé ó gbèrò rẹ̀ bí olè. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, aago mẹ́sàn-án, ó fọ ìkòkò, ó wo òrùlé, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe é. Adákẹ́ wá. Nígbà tó tún di oṣù mélòó kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Adákẹ́ tún wá. Ti ọjọ́ mẹ́rin yìí ni ìkẹrin.

Alákàbà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì bí ẹlẹ́rìí.

"Màmá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú."

"Bi mí."

"Ta lẹ̀ ń retí?"

Ìyá Aránṣọ fa àga sún mọ́ ọn. "Jókòó. O ti ń gbé igi kiri láti àárọ̀." Ó tú teèpù kúrò ní ìka rẹ̀. "Mo rò pé bó bá dákẹ́, ọ́fíìsì á rán èèyàn wá."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò rí èyí tí wọ́n gbé sórí òrùlé ilé ìwé lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni? Nítorí tiyín ni. Àwọn àpótí yìí ti ní ìwà báyìí. Bí ìkẹta bá bá tiyín sọ̀rọ̀, tí tiyín ò dá a lóhùn pé 'mo gbọ́', á tún un sọ. Á tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí kò bá tún gbọ́ èsì, á yíjú sí ti ilé ìwé."

"Kì í bínú?"

"Kí ló fẹ́ máa bínú sí, Màmá? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí tiyín ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ kankan ò sọnù. Iná rẹ̀ kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú kọ̀m̀pútà ni, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí wọ́n fi máa rán ẹnikẹ́ni wá."

Ìyá Aránṣọ gbọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ mẹ́rin náà, bí ọkọ̀ bá ti dún lójú pópó, ó ń yọjú. Ó ti tẹ́ ibùsùn Adákẹ́. Ó ti se ìrẹsì tó pọ̀ ju ti ẹnu kan lọ, ó sì ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà náà, láàárọ̀, lọ́sàn-án.

"Kí ni tèmi ṣe," ni ó béèrè jẹ́jẹ́, "tí wọ́n fi wá ọ̀nà mìíràn?"

Alákàbà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́. "Ọdún tó kọjá, òjò rọ̀ lókè odò. Àwọn mẹ́ta tó wà lókè rí omi, wọ́n ń pariwo, tiyín ò sì gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Fèrè ò dún. Omi wọ ọgbà àwọn èèyàn ní ìyálẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó kú. Adìẹ àti ẹní ni omi gbé. Àbúrò ìyá mi wà lára àwọn tí omi bá nílé. Orí tábìlì ló dúró sí títí omi fi fà."

Ìgbà kẹta nìyẹn. Ìyá Aránṣọ rántí rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ló ń wò. Ó rí ara rẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ìkòkò, ó sì rí obìnrin kan tí kò mọ̀ lórí tábìlì, tó gbé aṣọ sókè kí omi má baà kàn án.

"Bá mi bẹ̀ ẹ́," ni ó wí. "Rárá, èmi fúnra mi á lọ bẹ̀ ẹ́. Mo lè rán aṣọ fún un."

"Ó máa gbà á. Aláṣọ-ò-tó ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò jinlẹ̀.

"Ẹnjiníà ló ya ọ̀nà tuntun náà," ni Alákàbà wí. "A bi í pé kí ló ń ṣe àpótí kẹrin gan-an, bátìrì rẹ̀ ò láìsàn, ó sì jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló máa ń kú. Ó ní, 'Ẹ sáà fún un lọ́nà mìíràn, èmi ni mo mọ ìdí rẹ̀.' Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òní lèmi náà tó mọ̀ ọ́n."

Ìyá Aránṣọ jókòó sórí ìkòkò tó dorí kodò. Ọmọ òun mọ̀. Ó wá ń rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé àpò irinṣẹ́ wá. Ìgbà kejì, ọwọ́ lásán ló mú wá, ó ní òun gbàgbé àpò sínú ọkọ̀. Kò sì gòkè títí di ọjọ́ kejì, ó kàn jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń bá òun mú etí aṣọ. Ìgbà kẹta, kò parọ́ kankan. Ó jẹun, ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Ó padà sí ìlú, ó lọ ya ọ̀nà tó yí ilé ìyá rẹ̀ po.

Adákẹ́ ò lè ní kí òun ìyá rẹ̀ jáwọ́. Kò lè fẹjọ́ òun sùn. Adákẹ́ alára ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń wá sílé láìsí nǹkan tó bàjẹ́.

"Ṣé kí n bá yín sọ fún un pé ẹ fẹ́ rí i?" ni Alákàbà béèrè. "Ọ̀la ni mo máa dé ọ́fíìsì. Iṣẹ́ tí ẹ bá rán mi ni màá jẹ́, mi ò ní bù ú kù."

"Mo mọ̀ pé o ò ní bù ú kù." Ó wo òrùlé. Iná kékeré ti ń ṣẹ́jú lára àpótí. "Èyí tó ti yíjú sí ilé ìwé yìí, ṣé ó máa padà sọ́dọ̀ tèmi?"

"Gbàrà tí tiyín bá ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tiyín ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu."

Ìyá Aránṣọ dìde. Ó wọlé, ó mú fóònù lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọjọ́rú ni, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun kò pe ọmọ òun rí; ọmọ ló ń pè. Alákàbà rí ojú rẹ̀, ó gbé àkàbà rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó dún lẹ́ẹ̀mejì péré.

"Màmá? Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Àpótí ò bàjẹ́."

"Mo ń wò ó. Iná rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ ni."

"Ìkòkò ni mo ṣí. Mi ò ní dé e mọ́. Mo ti gbọ́ ohun tó ṣe fáwọn ará etí odò, mo máa lọ bẹ̀ wọ́n."

Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ bí Adákẹ́ ṣe ń mí. Láyé ìgbà kan, òun ìbá ti sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, kí fóònù kú. Ó di etí tábìlì mú.

"Wá sílé," ni ó wí. "Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ kí o wá tún ṣe. Ilẹ̀kùn ń tì dáadáa. Ẹ̀rọ ń ránṣọ. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí."

Kò sí èsì. Ó ṣe ohun tí kò ṣe rí, ó tún un sọ.

"Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo gbọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣé kí n mú àpò irinṣẹ́ dání?"

"Má mú nǹkan kan dání."

Nígbà tó jáde, Alákàbà ti ń di àkàbà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Ó wo ojú ìyá àgbà náà, ó wá wo ojú ọ̀run. "Òjò ń ṣú o, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n tètè máa lọ."

"Ọ̀nà á dáa. Bá mi wọn àbúrò ìyá rẹ bọ̀, igbáàyà àti gígùn."

Ó gbé ìkòkò wọlé, ó fọ ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lára rẹ̀, ó sì fi í kọ́ sórí ìṣó. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, kó tó wá di gidi. Láti ojú fèrèsé, ó ń rí bí omi ṣe ń ṣàn lórí àpótí kẹrin, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lábẹ́ omi.

Ó wò ó. Kò dìde.