Ìtàn Ayé Alága Ìgè ní Yàrá Ogún

Láti oṣù mẹ́fà tí Zipporah ti ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ìtura Alága Ìgè, létí òkun Badagry, kò tíì sí ọjọ́ tí ọkùnrin náà rí i lára tó ti òní. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ohun tó jẹ́ alága rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Lónìí ó fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, kí gbogbo àlejò máa wò ó ní yàrá ogún. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fọwọ́ sí ìwé tí yóò sọ Zipporah di òṣìṣẹ́ gidi. Ìwé ọ̀hún ti wà lórí tábìlì.

Bó ṣe ń yẹ kọ̀ǹpútà wò, Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, lọ́fíńdà rẹ̀ ń fúnni lọ́rùn.

"Kí lèyí tó ń yọjú ní ìṣẹ́jú méjì-méjì?"

"Ráútà ni, sà, ẹ̀rọ tó so àwọn tẹlifíṣọ̀n pọ̀. Ó ń bi àwọn tẹlifíṣọ̀n pé, 'Ta ló ṣì ń wò?' Èyí tó bá dáhùn là ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí. Èyí tí kò bá dáhùn, a ó yọ ọ́ kúrò."

Ojú Alága le. "Ẹ̀rọ ń bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n fẹ́ wo èmi Ìgè? Ta ni yóò ní òun ò wò? Pa ìbéèrè yẹn!"

"Sà, bí a ò bá bi wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀. Tó bá fi lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin láìgbọ́ ìdáhùn, àpótí tó ń pín àwòrán á gbà pé wọ́n ti lọ, á sì sé e mọ́ wọn."

"Ṣé ìwọ lo nilé ni àbí èmi?"

Dàmọ́lá, máníjà tí ọrùn rẹ̀ ti gbó fún títẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Zippy, pa á jàre. Ẹ̀rọ tí ò mọ̀wàá hù!"

Zipporah wo ìwé orí tábìlì. Ó pa á. Itọ́ ẹnu rẹ̀ korò.

Inú oyún ìyá rẹ̀ ni Alága ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì débi tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú tí Zipporah fi rí i lórí kọ̀ǹpútà pé gbogbo tẹlifíṣọ̀n ti ṣókùnkùn. Zipporah dìde, Dàmọ́lá fà á lápá jókòó. "O fẹ́ dá ọ̀gá lẹ́kun?" Ogójì ìṣẹ́jú gbáko ni Alága fi bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó parí, Dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Sà! Ibi tẹ́ ẹ ti sunkún yẹn..."

"Mi ò sunkún."

"Ẹ ò sunkún, sà. Àwa la sunkún."

Alága mú bírò. "Zipporah, ibo ló dùn mọ́ ọ jù?"

Ó wo Dàmọ́lá tó ń nu ojú gbígbẹ.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́, sà. Ìyẹn nìkan ni wọ́n rí."

Dàmọ́lá húkọ́. Ojú Alága fàro bíi ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Wọn ò gbọ́ ti ọmú?"

"Wọn ò gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n dá ìbéèrè yẹn padà, kẹ́ ẹ tún un sọ."

"Màá tún un sọ. Láti inú oyún! Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò béèrè ẹni tó fẹ́ wò mí nínú ilé mi." Ó sọ ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. "Ọjọ́ tó o bá kọ́ ìwà, màá fọwọ́ sí i."

Bí Alága ṣe tún bẹ̀rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, Zipporah gbé báàgì rẹ̀. Nígbà tó fi máa rí ọ̀kadà tó ń lọ sí Ajara, tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti tún dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohùn Dàmọ́lá ń bọ̀ láti inú ilé: "Ó mọ́ kedere, sà! Kedere!"

Ó tutọ́ sínú yanrìn, ó gun ọ̀kadà.