Jẹ́jẹ́ Bọ́ Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọ̀sẹ̀ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni sójà obìnrin kan kọ́kọ́ wá sílé wa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wádìí ikú àwọn ọmọ ogun tó fọwọ́ ara wọn pa ara wọn, kó sì dúró ti ẹbí wọn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ gìdìgbà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó bọ́ ọ. Màmá sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́.

Màmá ò jẹun mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè é lórí fóònù, ọbẹ̀ fẹ́ jó, Màmá ní kó pe òun lọ́la. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá ní bárékè.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ parí ìwádìí, òun àti ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Ọ̀gá ò bọ́ bàtà ní tirẹ̀.

Màmá ò jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa. "Ṣé èmi ni mo pa á?"

"Rárá, mà."

"Irọ́ ni. Ẹ kàn fẹ́ kí abiyamọ dákẹ́ ni."

Jẹ́jẹ́ ò bínú. "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń sun yàrá kan sọ fún mi. Bí ọmọ yín ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló gbọ́wọ́ lé ìbàdí, ó ní, 'Ṣé kí ọbẹ̀ máa jó kí n máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ ni, ìwọ baba onírojọ́?' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín."

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Òun nìkan ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀.

"Ó ń sín mi jẹ," ó ní. "Ọmọ burúkú." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì gbà á.

Jẹ́jẹ́ dúró dè é. "Ó ti pẹ́ tí ọkàn ẹ̀ ti ń ṣàìsàn, mà. Mi ò mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, mi ò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó wá sọ fún àwa ológun pé òun ò rí oorun sùn. A ní kó ṣe bí ọkùnrin."

Ọ̀gá wúkọ́. Jẹ́jẹ́ jẹ́ kí ikọ́ náà tán.

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ọ́, sà. Mo ti sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀, mo sì máa tún un sọ."

Àwọn àgbà ní òótọ́ korò. Èmi ò tíì rí ẹni tó ń bu òótọ́ fún èèyàn bí ẹni bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọ̀gá dìde. Mo rò pé inú ló bí i. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

Màmá ní kí n gbé oúnjẹ wá. Ó kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà á bá mi jẹ. Bí mo bá dá jẹun níwájú sójà, wọ́n á ní mo jí oúnjẹ náà ni."