Ìrìnàjò Kejì Sínú Akoto

Ní ọdún 1996, Ìyá Mojísọ́lá tún ti Ìbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù ní Alábà, nítorí akoto tó máa ń gbé èèyàn wọ ayé tí wọ́n fi fọ́tò àti fídíò òkú kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rí ọmọ rẹ̀ olóògbé tó kúnlẹ̀ kí i. Ó bú sẹ́kún, ó sì sá jáde láìsọ fún un pé kó dìde. Látìgbà náà ni kò ti fojú ba oorun. Ọmọ tí òun fúnra òun kọ́ pé kò gbọdọ̀ dìde láìgbàṣẹ!

“Màmá, bó bá ti dìde, ó parí nìyẹn o,” Mọ́rúfù kìlọ̀. “Ẹ ò ní rí i mọ́.”

“Dé akoto náà fún mi, jàre.”

Nínú ayé akoto náà, ó wá ọmọ rẹ̀ dé ẹnu géètì Navy Town, ó wá a káàkiri Ọ̀jọ́. Ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìbà ló ti bá a, lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi.”

Mojísọ́lá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí Mọ́rúfù ṣí akoto náà, ìyá ló wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ń dúró kí Mọ́rúfù ní kó dìde. Ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà pé kó dìde.