Asẹ́ Inú Balùwẹ̀

Ẹnu Àṣekù ló máa ń ṣíwájú, ọpọlọ rẹ̀ á wá máa sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á máa ké pé, "Dúró dè mí!" Ẹnu kì í dúró.

Pálọ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Bàbá fi rìn pín lẹ́tà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tán, tí ayé ní kó wá jókòó, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, òun àti àwọn arúgbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ yí àdúgbò po lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bàbá wá ní ó wu àwọn láti wọ tíṣẹ́ẹ̀tì kan náà, èyí tó ní àwòrán láyà, kí àwọn tó ń wòran lè mọ̀ pé ẹgbẹ́ làwọn, kí wọ́n má baà rò pé arúgbó mọ́kànlá ló sá kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ fi ọkàn balẹ̀, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n Àṣekù wí. Dókítà eyín ni ẹ̀gbọ́n yìí. Gbogbo ènìyàn ló ń bá sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n la ẹnu sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí wọn ò lè fèsì. "Mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti…"

"Èmi ni màá tẹ̀ ẹ́," ni Àṣekù wí.

Olúkúlùkù ń wo ojú èkejì.

Ẹ má bínú sí wọn. Wọn ò ṣàdédé sọ ọ́ ní Àṣekù. Ohunkóhun tó bá dáwọ́ lé, ó di dandan kó kù díẹ̀. Ó hun súwẹ́tà fún ọkọ rẹ̀, apá kan ṣoṣo ló ní. Bí òtútù bá mú, ọkùnrin náà á wọ̀ ọ́, á ki ọwọ́ kejì bọ àpò ṣòkòtò. Ó kọ́ dùùrù títí tó fi mọ orin kan dé ìdajì. Bó bá tẹ̀ ẹ́ débẹ̀, àwọn ará ilé ló ń fi ẹnu parí rẹ̀. Bàtà ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan, ọpẹ́ sì ni fún Ọlọ́run pé ó máa ń rántí fún oníbàárà ní ẹsẹ̀ kejì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ẹni yìí? Ṣé kí orí wà láyà arúgbó kan, kí ẹsẹ̀ wà láyà èkejì, kí a wá máa tò wọ́n pọ̀ lójú títì?"

Bàbá dìde dúró. "Ọmọ mi lóun máa ṣe é, ó máa ṣe é nìyẹn. Mo ti sọ ọ́, ẹnu mi ò sì ní í padà. Bí kò bá parí rẹ̀, n ò ní wọ ti ṣọ́ọ̀bù kankan. Àyà lásán ni màá fi gun kẹ̀kẹ́ mi."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Gbogbo wọn yíjú wo àyà Bàbá, wọ́n tún yára gbé ojú kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ débẹ̀.

Bí Àṣekù ṣe délé, ó sọ fóònù di olùkọ́. Ó wo fídíò àwọn tó ń tẹ aṣọ nílé títí ojú fi ń ta á. Ó yọ fọ́tò ìgbéyàwó òun àti ọkọ rẹ̀ kúrò nínú férémù onígi ńlá. Ó na aṣọ tín-ín-rín kan lé férémù náà, irú aṣọ tí èémí ń gbà kọjá, ó sì kàn án níṣòó yípo títí tó fi le dan-in bí ikùn ẹni tó yó. Asẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku oje. Oje yìí dà bí ewé láwọ̀, ó ki bí oyin, ìwà rẹ̀ sì le ju ti ìyàwó àfẹ́sọ́nà lọ. Bí a bá fi ra asẹ́, inú òkùnkùn ló gbọ́dọ̀ ti gbẹ. Bó bá gbẹ tán, a ó gbé àwòrán tí a fi yíǹkì dúdú yà sórí rọ́bà tó mọ́ gaara lé e lórí, a ó sì tan iná tó mú gan-an sí i. Ibi tí iná bá kàn á le. Ibi tí àwòrán bò á rọ̀, omi á fọ̀ ọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀dà máa gbà kọjá sára aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ lára rẹ̀ kí àwòrán tó bò ó, gbogbo rẹ̀ á le pátápátá, asẹ́ di àwo tí a fi ń gbé ife omi fún àlejò.

Àwòrán ti wà nílẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ni Àṣekù yà síbẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́, tó ya ẹnu rẹ́rìn-ín, tí atẹ́gùn gbé irungbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn bí ìrù ẹṣin. Yàrá òkùnkùn náà ti wà: balùwẹ̀ wọn ò ní fèrèsé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Àṣekù fi oje ra asẹ́, ó pa iná, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ dé.

Màmá Fèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó bá kí ará ilé rẹ̀ "ẹ káàárọ̀", àwọn ará òpópónà kejì ló ń dáhùn.

"Ìyàwó mi dà?"

"Mo wà ní balùwẹ̀, mà! Ẹ káàbọ̀, mà!"

Ẹsẹ̀ Màmá sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lo ti ń kí mi? Ìyàwó mi, ṣé mo ti wá di ẹni tí à ń jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kí?"

Bí Àṣekù bá ṣílẹ̀kùn, asẹ́ gbé. Bí kò bá ṣí i, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àǹtí ọkọ rẹ̀ ti gbọ́. Ó ṣì ń rò ó lọ́wọ́ ni orúnkún rẹ̀ ti parí ìpàdé láìpè é sí i. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, orúnkún kan ilẹ̀ gbì.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ìrìn, mà."

Ká ní ìkíni kékeré ni, ìbá sàn. Màmá béèrè ọkọ, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ẹ̀yìn tó dun Àṣekù lóṣù tó kọjá. Ó dúpẹ́ bàtà tó fún un, ó ṣàdúrà sí bàtà náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀. Àṣekù ń ṣe "bẹ́ẹ̀ ni, mà", "àmín, mà", ìmọ́lẹ̀ sì ń gba orí rẹ̀ wọlé. Nígbà tí Màmá fi máa ní "dìde, ọmọ mi", asẹ́ ti le koránkorán.

Àṣekù bú sẹ́kún. Ó ṣàlàyé oje, ó ṣàlàyé iná, ó ṣàlàyé Bàbá àti àyà lásán.

Màmá la ẹnu. "Kí ló dé tí o ò lé mi sẹ́yìn?"

"Màmá, ta ló ń lé ìyá ọkọ?"

Màmá rò ó. "Òótọ́ ni. Ǹ bá sì bínú." Ó wo asẹ́. "Fa aṣọ yẹn ya, kan òmíràn."

"Aṣọ yẹn náà ni mo ní, mà."

Kí Àṣekù tó sọ ọ́ tán, Màmá ti tú ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó nà án sójú iná. Èémí ń gbà á kọjá ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Kàn án! Kí lò ń wò? Ṣé o fẹ́ kí ọrùn mi bá a lọ ni?"

Báyìí ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó gbé apá kọ́ àyà, ó sì di odi. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀, ọkọ Àṣekù, ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti ìkánjú.

"Màmá, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọlé."

"O ò lè wọlé."

"Màmá, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Mò ń rí i. Mú un mọ́ra. Mo kọ́ ọ nígbà tí o wà ní kékeré."

"Màmá, ilé mi nìyí o!"

"Èmi náà ni mo bí onílé. Tún ọ̀rọ̀ mìíràn sọ."

Ọkùnrin náà yí padà, ó forí lé ilé aládùúgbò pẹ̀lú ìrìn ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀.

Oje gbẹ. Wọ́n gbé àwòrán lé e, wọ́n tan iná sí i, wọ́n bu omi lù ú. Wọ́n ń wò, wọ́n ń wò. Irungbọ̀n ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ẹ̀rín, lẹ́yìn náà táyà méjèèjì. Igbe tí Màmá ké, ọkọ Àṣekù gbọ́ ọ nílé aládùúgbò, ó sì sáré jáde láìtíì so bẹ́líìtì.

Láàárọ̀ Sátidé, orí tábìlì ìdáná di ibi iṣẹ́. Ọ̀pá rọ́bà tí ọkọ rẹ̀ fi ń nu gíláàsì mọ́tò ni Àṣekù fi ń wọ́ ọ̀dà lórí asẹ́. Àpò ìrọ̀rí àtijọ́ ló kọ́kọ́ fi dánra wò. Èkíní, ọ̀dà pọ̀ jù: Bàbá dà bí ẹni tó já sínú epo. Èkejì, ọ̀dà kéré jù: Bàbá ń gun afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta, ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn dáadáa, ó wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé asẹ́ sókè. Bàbá nìyẹn, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Àṣekù náà rẹ́rìn-ín padà. Ó mú tíṣẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́, ó mú òmíràn. Fóònù dún, kò gbé e. Ebi pa á, kò dá a lóhùn. Ìgbà tó máa fi gbójú sókè, mọ́kànlá ti fi ara kọ́ okùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sí èyí tí apá rẹ̀ kù.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ọ̀dà gbẹ, kí ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, kí ó lè mú aṣọ. Bí omi bá kàn án ṣáájú áyọ́ọ̀nù, ó tán. Ó ya fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ sí Bàbá, ó sì sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù bàtà. Kò sọ ti omi fún ẹnikẹ́ni, títí kan Màmá tó sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wọn.

Ìgbà tó padà dé lọ́sàn-án, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Omi ń dún ṣàà nínú balùwẹ̀.

"Ìyàwó mi!" ni fèrè dún. "Fi ọwọ́ lérán, mo ti bá ọ fọ gbogbo wọn! Aṣọ tuntun kì í kan ara àgbà láìfọ̀!"

Àṣekù rí Bàbá lójú inú, láyà lásán, tó ń kọjá níwájú gbogbo àdúgbò, tó ń juwọ́. Ó fa ara rẹ̀ dé ibi agbada omi, ó wo inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú kan.

Omi mọ́ gaara. Ọṣẹ ń hó funfun. Bàbá mọ́kànlá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, irungbọ̀n wọn ò yingin.

"Màmá… kí lẹ ṣe sí wọn?"

"Kí ni mo tún ṣe? Mo lọ̀ wọ́n, mo fọ̀ wọ́n."

"Ẹ lọ̀ wọ́n kí ẹ tó fọ̀ wọ́n?"

"Ta ni ń fọ aṣọ tó rún? Ìdọ̀tí á kàn lúgọ sínú ibi tó rún ni! Mo máa ń lọ̀ ọ́ kí n tó fọ̀ ọ́, bó bá gbẹ mo tún lọ̀ ọ́."

"Òótọ́ ni," ni ọkọ Àṣekù wí láti ẹ̀yìn. "Gbogbo ìgbà tí mo fi wà níléèwé, ṣòkòtò mi ò tutù rí."

Àṣekù fò mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, tòun ti omi tòun ti ọṣẹ, àwọn méjèèjì sì yọ̀ ṣubú sínú agbada.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn arúgbó mọ́kànlá tò níwájú ilé Bàbá, wọ́n gbé àyà síwájú bí àkùkọ. Ẹ̀gbọ́n dé. Ó gbé páálí ńlá kan dání.

Ojú Bàbá le. "Aṣọ ṣọ́ọ̀bù lo gbé wá? Gbé e kúrò níwájú mi kí n tó fi kẹ̀kẹ́ gùn ún."

Ẹ̀gbọ́n ń wo àyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ló là sílẹ̀ lónìí. Ó ṣí páálí. Tíṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wà níbẹ̀, òfìfo, kò sí nǹkankan lára wọn.

"Bàbá ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi lánàá, fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mẹjọ," ló wí, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Àwọn òṣìṣẹ́ mi ló ní kí n bá àwọn bẹ̀ ọ́. Ṣé o lè bá wa tẹ eyín sí i?"

Àṣekù fọwọ́ tó kún fún ọ̀dà sí ìbàdí. "Eyín mélòó, Bọ̀ọ̀dá mi? Ṣé kí n tẹ gbogbo rẹ̀, àbí kí n jẹ́ kí ó kù díẹ̀?"

Ẹ̀rín ta. Ẹ̀gbọ́n náà rín in, èjìká rẹ̀ ń mì. Màmá Fèrè wá ké pé, "Ó yá!" Ohùn yẹn gan-an ló ti àwọn kẹ̀kẹ́ síwájú.

Wọ́n gbéra, Bàbá ló ṣáájú. Atẹ́gùn gbé irungbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn, ti òkè àti ti àyà. Àwọn ènìyàn yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ọmọ mi obìnrin ló tẹ̀ ẹ́!" ni Bàbá ń ké. "Nílé! Ó tẹ gbogbo rẹ̀ pé!" Nígbà tó dé ìyànà, ó rí ojúlùmọ̀ kan tí kò tíì gbọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kó lè tọ́ka sí àyà rẹ̀ dáadáa.

Kẹ̀kẹ́ yà bàrá sínú òdòdó aládùúgbò.

Àṣekù sáré débẹ̀. Láàárín àwọn òdòdó, ojú méjì là, ohùn kan jáde.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe àwòrán mi?"

Àṣekù kúnlẹ̀, ó fọwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà rẹ̀, ó wò ó láti táyà dé irungbọ̀n.

"Kò sí, Bàbá. Ó pé pérépéré."

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ẹ wá gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí mi."